Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì Àánú

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó mú bíírò. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ìjàpò, ní Àkúrẹ́ níbí, ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe, kí àwọn tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ lè rí nǹkan dì mú níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ bi àwọn dókítà àti lọ́yà. Ààrẹ wọn, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ní, "Bàbá, àwọn yẹn ò ráyè. Ẹ̀yin lẹ ráyè." Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ti ta ẹ̀rọ iṣẹ́ rẹ̀, tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ dalẹ́, ẹjọ́ kí ni yóò bá wọn rò? Aránbàtà ni mí. Ṣúmékà ni àwọn mìíràn ń pè é. Ọmọ Oǹdó Ẹ̀kìmọ̀gún ni mí, àmọ́ Àkúrẹ́ ni mo ti lo agbára mi tán.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Bàbá mi ń gbin kòkó. Èmi kò fẹ́ràn oko, ìwé náà kò sì fẹ́ràn mi. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Jósẹ́fù, aránbàtà kan ní Oǹdó tó tún jẹ́ akọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́, ó gbà, ó parí.

Ọ̀gá Jósẹ́fù kì í na ọmọ iṣẹ́. Ìbá sàn kó máa nà wá. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè àfi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bó bá wo iṣẹ́ rẹ tó sì mí kanlẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ. Mo fi odidi ọ̀sẹ̀ kan rán bàtà aláwọ dúdú kan fún olùkọ́ kan rí. Mo rò pé mo ti di ọ̀gá. Ó gbé e sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú ọ̀bẹ, ó sì tú gbogbo òwú rẹ̀ láti iwájú dé gìgísẹ̀. Kò bínú rárá. Ó ní, "Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ojú kọ́ ló máa wọ̀ ọ́. Ó rán wọ́. Tún un rán."

Èyí tó le jù lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ etí. Bí oníbàárà bá ń bọ̀, ọ̀gá yóò ní kí gbogbo wa kọjú sí ògiri, a ò sì gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Oníbàárà yóò rìn wọlé lórí sìmẹ́ǹtì, ọ̀gá yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá: "Ẹsẹ̀ wo ni bàtà rẹ̀ ti jẹ? Ṣé gìgísẹ̀ ni àbí iwájú? Ṣé ó sanra àbí ó tẹ́ẹ́rẹ́? Ṣé ara rẹ̀ yá?" Ẹni tó bá ṣì í yóò bọ́ sálúbàtà tirẹ̀ fún ọ̀gá, yóò sì fẹsẹ̀ lásán rìn títí a ó fi ṣíwọ́, nínú oòrùn, lórí òkúta wẹ́wẹ́. "Kí o lè mọ ohun tí bàtà ń ṣe fún ọmọ aráyé," bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá máa ń wí. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ mi rí màbo. Àwọn oníbàárà pàápàá ti mọ̀ nípa rẹ̀, ìyá oníbúrẹ́dì kan a sì máa mọ̀ọ́mọ̀ wọ́ ẹsẹ̀ tí kò dùn ún kó lè fi wá rẹ́rìn-ín.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó yá, mo fi ìró ẹsẹ̀ mọ gbogbo àdúgbò. Mo mọ ẹni tí orúnkún ń dùn, mo mọ ẹni tí ìròyìn burúkú ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, nítorí ẹsẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ní ènìyàn lè fi ojú purọ́, ó lè fi ẹnu purọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Mo gbà á gbọ́ títí dòní.

Nígbà tí mo gba fúrídọ̀mù, ọ̀gá fún mi lára àwọn ẹsẹ̀ igi rẹ̀, ìyẹn igi tí a gbẹ́ bí ẹsẹ̀ ènìyàn tí a máa ń na awọ lé lórí kí bàtà tó jáde. Ti àgbà wà níbẹ̀, ti ọmọdé náà wà níbẹ̀. Ó gbàdúrà fún mi, ó ní kí n má ṣe fi gọ́ọ̀mù bo iṣẹ́ burúkú mọ́lẹ̀ láé. Mo kó ẹrù mi, ó di Àkúrẹ́, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wọ bàtà lọ sí Alágbàká lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń wọ bàtà ló ń ba bàtà jẹ́. Owó tí mo rí níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ó bọ́ mi, kò sọ mí di olówó. Mo fẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ Oyèmẹ́kùn kan tí àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ wà ní Ìjàrẹ́. Màmá Ṣọlá nìyẹn. Ṣọlá nìkan ni ọmọ tí Ọlọ́run fún wa.

Ojú mi ni ayé ṣe yí padà lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, awọ gidi là ń lò, táyà mọ́tò la fi ń ṣe ìsàlẹ̀ bàtà, òwú tí a fi ìda pa la fi ń rán an. Lẹ́yìn náà ni gọ́ọ̀mù inú agolo dé. Ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná ha etí bàtà kó dán náà dé, ìyẹn bí iná bá wà. Bàtà òkìrìkà wá kún ọjà. Níkẹyìn ni sílípáàsì fóòmù ti àwọn ará Ṣáínà dé, tó fúyẹ́ bíi búrẹ́dì tó ti gbẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú rẹ̀ wá pé kí n bá òun tún un ṣe, ṣe ni mo máa ń tì í padà sí i lọ́wọ́. Mo ní, "Kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kó má rùn igbẹ́. Fóòmù nìyí, kì í ṣe bàtà."

Iná ló wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo lọ sí ìsìnkú kan ní Oǹdó lọ́jọ́ náà. Wẹ́dà kan ló pààlà pẹ̀lú sọ́ọ̀bù mi, iná ta láti ara irin tó ń jó, ó fò wọ ibi tí mo to agolo gọ́ọ̀mù sí. Kí n tó dé Àkúrẹ́, gbogbo rẹ̀ ti di eérú: awọ, ẹ̀rọ, àti gbogbo ẹsẹ̀ igi tí ọ̀gá mi fún mi. Àwọn tó wá kí mi ń wí pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ní èmi kì í ṣe ọba, sọ́ọ̀bù páànù ni mo ní. Mo tún sọ́ọ̀bù náà kọ́, mo ra ẹ̀rọ àlòkù kan, àmọ́ n kò rán bàtà tuntun mọ́. Títúnṣe nìkan ni mo ń ṣe. Mo ń lẹ èyí tó ṣí, mo ń kan èyí tó já, mo ń pa pólíìṣì. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé màá ṣe é títí màá fi fẹ̀yìn tì.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an ló kù yìí. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó débẹ̀. Bó bá ti rẹ àgbà, ọ̀nà tó jìn ló máa ń gbà.

Ṣọlá ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì ní Alágbàká. Àbújá ni iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wà, ìgbà tí ààyè bá gbà á ló ń wálé, nítorí náà ọ̀dọ̀ wa ni Ṣọlá àti ọmọ rẹ̀ Àánú ń gbé. Lọ́jọ́ kan, mo kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, mò ń kan ìṣó, Àánú sì ń sáré bọ̀ ní sọ́ọ̀bù. Kò tíì ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ nígbà náà. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ń kanlẹ̀ dáadáa, èkejì ń yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òòlù bọ́ lọ́wọ́ mi. N kò fẹ́ yíjú padà, nítorí ó dà bíi pé bí mo bá yíjú ni yóò di òótọ́.

Màmá Ṣọlá ní kí n má pe àrùn sí ọmọ lára, pé ẹsẹ̀ ọmọdé máa ń wọ́, yóò sì nà fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, ti àwọn kan máa ń nà. Ti Àánú kò nà. Bó ṣe ń dàgbà ni orúnkún òsì rẹ̀ ń yọ síta sí i, títí àwọn ọmọ iléèwé fi ń sín in jẹ. Ìgbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, èmi àti Ṣọlá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Oǹdó tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ egungun. Dókítà fi fọ́tò egungun ẹsẹ̀ náà hàn wá. Ó ní àwọn yóò gé egungun náà nísàlẹ̀ orúnkún, àwọn yóò tò ó kó tọ́, àwọn yóò sì di P.O.P., ìyẹn símẹ́ǹtì funfun ilé ìwòsàn tó máa ń le, lé e títí yóò fi jọ. Ó ní bí a bá fi sílẹ̀, orúnkún náà yóò bàjẹ́, ọmọ náà kò sì ní lè rìn bó bá dàgbà.

"Kí wọ́n gé egungun ọmọ?" Màmá Ṣọlá ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a délé. "Egungun tí kò ṣẹ́? Bàbá Ṣọlá, ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀ rí?"

Mo ní, "Ọ̀gá mi tú bàtà tí kò já lójú mi. Wíwọ́ ló wọ́."

"Ọmọ kì í ṣe bàtà."

"Mo mọ̀."

Ṣọlá kò bá wa jiyàn. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ lórí fóònù, wọ́n ti mú ọjọ́. Ó ní, "Màámi, mi ò bi yín bóyá ká ṣe é. Ẹni tó máa bá mi lọ ni mò ń bi yín." Gbogbo wa la bá a lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ní Àánú kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu. Màmá Ṣọlá ní òun náà kò ní fi nǹkan kan ẹnu, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Orí itan mi ni ọmọ náà jókòó sí, ó wọ aṣọ ilé ìwòsàn tó tóbi jù ú lọ. Ebi ń pa á, ó ti sunkún tán. Ó wo ojú mi.

"Bàbá àgbà, ṣé wọ́n máa dá ẹsẹ̀ mi padà?"

"Báwo?"

"Bíi bàtà tí wọ́n bá gbé wá sọ́dọ̀ yín. Tí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ máa ń dá a padà."

Mo ní wọ́n á dá a padà, wọ́n á sì ti tún un ṣe. Ó fa aṣọ mi. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù sí i o. Ẹ ní gọ́ọ̀mù kì í pẹ́." Nọ́ọ̀sì tó wá gbé e rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn wọn, Màmá Ṣọlá di ọwọ́ mi mú níwájú gbogbo èèyàn, ohun tí kò ṣe láti ọdún tí a ti fẹ́ ara wa. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

Wọ́n gbé e jáde láyọ̀. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ìyẹn fún wa. P.O.P. náà gùn láti itan dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó ń yún un, kò sì síbi tí èèyàn lè ki ọwọ́ bọ̀ họ ọ́. Ó ń sunkún, a ó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. A ó gbé e lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, a ó gbé e padà. Ṣọlá ń ti Alágbàká bọ̀ nírọ̀lẹ́, yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láìtíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, oorun yóò gbé e lọ níbẹ̀. Àwọn ará Ìjàrẹ́ ń fi iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ránṣẹ́, Ọlọ́run bù kún wọn, àmọ́ iṣu kò lè gbé ọmọ. Màmá Ṣọlá ló ń gbé e. Ó ń pọ̀n ọ́n tòun ti P.O.P., ẹsẹ̀ òsì náà yóò nà gbọnrangandan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni pọn ọmọ pọ̀ mọ́ igi ìdáná. Tòun ti ọmọ lẹ́yìn ló ń se ọbẹ̀, tòun ti ọmọ lẹ́yìn ló ń gbálẹ̀. Ó rẹ gbogbo wa. Ó rẹ̀ wá débi pé a kì í bára wa jà mọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n gé P.O.P. náà kúrò, mo rí ẹsẹ̀ tó tọ́. Omi bọ́ lójú mi, n kò purọ́. Ó ti rù, awọ ara rẹ̀ ń ṣí, àmọ́ ó tọ́. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní rírìn, físíò ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ́ ni, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, kò sì ní gbà fún ọ. Ó wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní ti òsì fi díẹ̀ kúrú sí ti ọ̀tún, kì í ṣe nǹkan tó burú, ó lè lé e bá bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, bàtà òsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ti ọ̀tún lọ. Ó sì gbọ́dọ̀ máa rìn lójoojúmọ́. "Bí kò bá rìn," ó ní, "orúnkún yẹn máa gan, iṣẹ́ tí dókítà ṣe á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lásán."

Ṣọlá bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ra irú bàtà bẹ́ẹ̀. Mo ní kó má bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo wá igi ọmọ̀, mo gbẹ́ ẹsẹ̀ kékeré méjì, nítorí ti ọ̀gá mi ti jóná. Ọwọ́ mi kò tíì gbàgbé. Awọ gidi ni mo lò, mo fi òwú onída rán an yí ká, mo gé táyà, mo tò ó lé ara wọn títí ó fi ga tó bí físíò ṣe sọ. Bí Ọ̀gá Jósẹ́fù bá wà láyé, kì bá mí kanlẹ̀. Mo gbé e lọ sí Oǹdó bí ẹni gbé adé. Físíò wọ̀ ọ́ fún Àánú, ó ní kó gbé ẹsẹ̀. Àánú fà á, fà á. Ẹsẹ̀ náà kò kúrò nílẹ̀.

"Bàbá, bàtà yìí rẹwà," ni físíò wí. "Àmọ́ ó wúwo. Kò tíì sí iṣan nínú ẹsẹ̀ yìí tó lè gbé e. Ẹ bá wa wá nǹkan tó fúyẹ́."

Inú bí mi. Mo ní kí ló mọ̀ nípa bàtà. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan, ẹsẹ̀ lòun mọ̀. Mo gba bàtà mi padà, a sì padà sí Àkúrẹ́. Ọjọ́ kejì, mo lọ sọ́jà, mo ra sílípáàsì fóòmù ti Ṣáínà. Ẹni tó tà á fún mi ti mọ ẹnu mi tipẹ́. Ó ní, "Ṣúmékà, ebòlò náà ti wá ń dùn?" Mo kàn san owó rẹ̀. Mo gé fóòmù náà pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ra wọn, mo fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Nígbà tí Àánú wọ èyí, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sì wo ìyá rẹ̀.

A rò pé ó ti parí nìyẹn. Kò parí. Ọmọ náà lè gbé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbé e. Ó ń dùn ún, ẹ̀rù sì ń bà á. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, yóò na ọwọ́, yóò ní, "Màmá àgbà, ẹ pọ̀n mí." Màmá àgbà yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Ẹ mọ bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, ẹ̀yìn ni ibùgbé rẹ̀. Ó ń pọ̀n ọ́n lọ sí iléèwé. Ó ń pọ̀n ọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbá a ní orúnkún. Nígbà tí a padà sí Oǹdó, físíò tẹ orúnkún náà wò, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ó ti ń gan. Màmá, ẹ má pọ̀n ọ́n mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Bí inú bá bí Màmá Ṣọlá, èdè Àkúrẹ́ rẹ̀ a jáde. Nígbà tí a délé, ó ní, "Ulé mi ni ọmọ wà. Ṣé kí n máa wò ó kó máa jẹ uyà ni? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́!"

Mo ní, "Màmá Ṣọlá, orí kọ́ ló wọ́. Ẹsẹ̀ ni."

Ó pọn ọmọ náà, ó sì jáde lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ṣọlá kó gbogbo ọ̀já inú ilé sínú báàgì rẹ̀, ó kó wọn lọ sí ibi iṣẹ́. Àwọn ọ̀já ìpọnmọ wà lábẹ́ tábìlì ìjọba ní Alágbàká lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ìyá rẹ̀ tó fi gèlè pọn ọmọ náà. Ṣọlá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ó ní, "Màámi, ẹ̀ ń fi ìfẹ́ pa ẹsẹ̀ ọmọ mi." Ìyá rẹ̀ náà ń sunkún, àmọ́ kò sọ ọmọ náà kalẹ̀. Èmi dúró láàárín wọn. Mo ti fi gbogbo ayé mi tún ẹsẹ̀ tó ń rìn ṣe. Ta ló kọ́ mi ní ti ẹni tí kò fẹ́ rìn?

Lọ́sàn-án, bí iléèwé bá ti parí, Àánú máa ń wà lọ́dọ̀ mi ní sọ́ọ̀bù. Kí ó má bàa máa sunkún, mo ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ etí. Yóò jókòó sórí àpótí, yóò kọjú sí ògiri, yóò máa sọ fún mi bí bàtà àwọn tó ń kọjá ṣe rí. Bó bá ṣì í, n kì í bọ́ bàtà rẹ̀. Orin ni mo máa ń ní kó kọ. Etí rẹ̀ já ju tèmi lọ nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, àwọn oníbàárà mi sì ti fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo ti rí i.

"Ta nìyẹn?" ni mo bi í.

Ó tẹ́tí. "Àgbàlagbà ni. Sílípáàsì ló wọ̀. Gìgísẹ̀ ọ̀tún ti jẹ." Ó tún tẹ́tí. "Bàbá àgbà, kì í ṣe bàtà ló bàjẹ́. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Ó ń fà á bíi pé ó gbé nǹkan, kò sì gbé nǹkan kan." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an."

Ó yíjú padà. Màmá àgbà rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti mú gèlè lọ́wọ́, ó ti ń tẹ̀ síwájú láti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ náà lè gun ẹ̀yìn rẹ̀.

Àánú wo gèlè náà, ó wo ẹ̀yìn màmá àgbà rẹ̀. N kò tíì rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára ọmọdé rí. Lẹ́yìn náà ó di bẹ́ǹṣì mi mú, ó dìde. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀rẹ̀, Màmá àgbà."

"Wá, ọkọ mi. Oòrùn mú."

"Ẹ dìde. Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín nìkan."

Màmá Ṣọlá wo ojú mi. Mo fi orí sọ fún un pé kó ṣe é. Ó na ọwọ́, ọmọ náà dì í mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Iyàwó mi ń wọ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀, Àánú ń wọ́ tirẹ̀. Kí wọ́n tó dé ìsọ̀ wẹ́dà, ọmọ náà ti ṣubú. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Àánú wo iwájú. Màmá àgbà rẹ̀ ló wẹ̀yìn wò mí, ó fẹ́ kí n ní kó gbé e. Mo gbọn orí pé rárá. Ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú sẹ́yìn, ó sì dúró títí ọmọ náà fi dìde. N kò rò pé ohun kan wà tó ṣòro jùyẹn fún un láti ọjọ́ tó ti dáyé.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń rìn. Kì í ṣe pé ó dùn. Ó ń sunkún, ó ń ṣubú, ó ń bú èmi àti físíò. Àmọ́ kò ní kí wọ́n pọn òun mọ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń dàgbà ni mò ń gbẹ́ ẹsẹ̀ igi tuntun, tí mò ń rán bàtà tuntun. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ sí Oǹdó ni físíò ń ní kí n dín fóòmù náà kù díẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ òsì ń lé èkejì bá. Nígbà tí ojú mi kò ríran mọ́ dáadáa, mo ta ẹ̀rọ, mo pa sọ́ọ̀bù dé, ṣùgbọ́n mo gbé bẹ́ǹṣì wá sílé nítorí bàtà òsì yẹn. Òun nìkan ni iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo sì fi ń mọ̀ pé iléèwé ti parí. Láàárín gbogbo ọmọ tó ń kọjá ní Ìjàpò, mo máa ń gbọ́ tirẹ̀ láti òkèèrè: ọ̀kan ń kanlẹ̀, èkejì ń rọra tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí. N kò mọ̀. Ó ń ba ẹ̀yìn jẹ́, ó ń ba ojú jẹ́, àwọn ará Ṣáínà sì ti gba ọjà lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ yòówù kí ẹ kọ́, ẹ wá ọ̀gá tí yóò tú iṣẹ́ yín fún yín. Ohun tí mo lè sọ nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ṣọlá gbé Àánú lọ sí Oǹdó. N kò bá wọn lọ, ara mi kò gbé e. Nígbà tí wọ́n dé, mo ti sùn, ẹnikẹ́ni kò sì jí mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo kọ ẹ̀yìn sí títì bí ìṣe mi, mò ń gé fóòmù fún bàtà tó kàn. Àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá. Mo ń retí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ kan sáré wọlé kọjá lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ méjèèjì ń kanlẹ̀ bákan náà, mo rò pé ọmọ àwọn aládùúgbò ni. Mo ní, "Ta ni ọmọ yẹn? Àánú kò tíì dé o."

Ọwọ́ kékeré kan bò mí lójú láti ẹ̀yìn.

"Bàbá àgbà," ó ní, "ẹ ti ṣì í. Ẹ kọrin."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Sáńdáàlì ọjà ló wọ̀, irú èyí tí gbogbo ọmọ ń wọ̀, òsì àti ọ̀tún dọ́gba. Màmá àgbà rẹ̀ ń wò wá láti ojú fèrèsé. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, mo gbé fóòmù sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.